Ṣé Ìbò Ìpele Kejì Ló Ṣẹ̀, àbí Ẹni Tó Gé Ọjọ́ Rẹ̀ Kúrú?

Ọ̀gbẹ́ni Brad Raffensperger, akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia, ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ní kí àwọn aṣòfin fòpin sí ìbò ìpele kejì, èyí tí wọ́n máa ń dì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá gba ju ìdajì ìbò lọ ní ìpele àkọ́kọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ máa fi òṣèlú da àsìkò ọdún ẹbí òun rú. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìwé ìròyìn yìí ti ń bi wọ́n láti ọdún 2021, tí kò tíì sẹ́ni tó dáhùn: ta ló sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tó wà láàárín ìpele àkọ́kọ́ àti èkejì di mẹ́rin?

Kì í ṣe Raphael Warnock ti Democrat, kì í ṣe Herschel Walker ti Republican, tí wọ́n jọ du ìjókòó sẹ́nétọ̀ ní ìpele kejì ọdún 2022. Gómìnà Brian Kemp ló fọwọ́ sí òfin tó gé e kúrú ní oṣù kẹta ọdún 2021, nígbà tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí Warnock àti Jon Ossoff, Democrat bíi tirẹ̀, gba ìjókòó sẹ́nétọ̀ méjèèjì mọ́ ẹgbẹ́ Republican lọ́wọ́. Ẹni tó bá wù lè pè é ní kòńgẹ́.

Ẹ wo ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí ṣe. Ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìforúkọsílẹ̀ parí, ìpele àkọ́kọ́ wáyé lọ́jọ́ kẹjọ. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ rárá pé ìpele kejì yóò wà, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá kan ní Lawrenceville, tó búra di ọmọ Amẹ́ríkà láàárín oṣù kọkànlá. Ní ọdún 2020, irú rẹ̀ ní àyè títí di ọjọ́ keje oṣù kejìlá láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò oṣù kìn-ín-ní. Ní ọdún 2022, àsìá kékeré tí wọ́n fún un níbi ìbúra ló mú relé. Ìbò kò kàn án.

Ọ̀rọ̀ Sátidé tún wá gorí rẹ̀. Iléeṣẹ́ akọ̀wé yìí kan náà ló kọ́kọ́ ní ìdìbò ṣáájú ọjọ́ ìbò lè wáyé ní Sátidé, kó tó yíhùn padà pé òfin kò gbà á, torí Sátidé náà tẹ̀lé ìsinmi Thanksgiving àti ìsinmi ìpínlẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀. Ìsinmi wo nìyẹn? Ọjọ́ ìbí Robert E. Lee ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ọ̀gágun àwọn tó jagun kí oko ẹrú má bàa tán, kí wọ́n tó fi "ìsinmi ìpínlẹ̀" lásán rọ́pò orúkọ náà ní ọdún 2015. Nítorí tìyẹn ni kí olùtọ́jú arúgbó tó ń ṣe ṣíìfù láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé ṣe jókòó sílé! Adájọ́ Thomas Cox ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò dá a dúró, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Georgia náà kò dá a dúró. Nígbà tó di Mọ́ńdè ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, èèyàn tó lé ní 300,000 ló dìbò lọ́jọ́ kan ṣoṣo jákèjádò ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ tò sórí ìlà lọ́jọ́ náà kò nílò kí a ròyìn rẹ̀ fún yín.

A mọ èsì tí wọ́n máa ń fọ̀: pé ìgbèríko Atlanta ti di ti Democrat, kí la tún ń ké sí? Láti ìgbà Jimmy Carter ní 1976, kò sí Democrat tó fi ìbò ààrẹ borí ní káńtì Gwinnett, níbi tí Lawrenceville wà, títí di 2016. Nígbà tó fi máa di 2020, nǹkan bí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún ni Biden gbà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan rò pé ilé òun nìyẹn, èkejì rò pé òun ti pàdánù rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbàgbé ìbò lórí bóyá kí káńtì náà dara pọ̀ mọ́ MARTA, iléeṣẹ́ ọkọ̀ èrò Atlanta. Oṣù kẹta ọdún 2019 ni ìgbìmọ̀ káńtì fi ìbò yẹn sí, wọn kò fi sí oṣù kọkànlá tó ṣáájú rẹ̀ tí èrò pọ̀, "rárá" sì gba nǹkan bí ìdá 54. Nígbà tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ padà wá ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ìbò péré ló gbé e ṣubú. Ẹni tó bá yan ọjọ́ ìbò ti yan púpọ̀ nínú àwọn tó máa dì í.

A kò gbàgbé ohun rere tí Raffensperger ṣe. Nígbà tí Trump pè é lórí fóònù ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 pé kó wá ìbò 11,780 fún òun, kò gbà. A yìn ín, a kò sì gba ìyìn náà padà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìwé àṣẹ pé kí ó máa fi Sátidé du òṣìṣẹ́.

A ò sì fẹ́ràn ìbò ìpele kejì débi pé a ó máa sunkún rẹ̀. Denmark Groover, aṣòfin tó ta kú fún un kó tó di òfin ní 1964, jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé nítorí àtidènà agbára ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú ni. Bí wọ́n bá fẹ́ pa á rẹ́, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n sì sọ ìdí náà ní gbangba. Bí ẹnu wọn kò bá gbà á, kí wọ́n dá ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n mú padà, kí wọ́n kọ Sátidé sínú òfin ní èdè tí kò ní í nílò ilé ẹjọ́ mẹ́ta láti túmọ̀. Oṣù kìn-ín-ní ni ilé aṣòfin máa ń wọlé. Aṣòfin wo ló máa gbé e wá? Ìwé ìròyìn yìí ń retí orúkọ rẹ̀.