Èmi Ńkọ́?

Ọmọbìnrin kan wá ṣe ìwádìí ìlera nílé wa. Ó mú mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó rọra bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti fipá bá mi lò pọ̀ rí. Nígbà tá a jáde, Màmá, ìyá ọkọ mi, ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní, "Èmi ńkọ́?" Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà, ọjọ́ orí yín ti kọjá èyí tí wọ́n ní ká bi." Màmá dá ọwọ́ padà sínú abọ́ ẹ̀gúsí wọn.

Kì í ṣe ẹjọ́ ọmọ náà. Nínú NDHS, ìwádìí ìlera tí ìjọba ń ṣe káàkiri Nàìjíríà, ti ọdún 2018, obìnrin ọmọ ọdún 15 sí 49 ni wọ́n bi ní irú ìbéèrè yìí, 9 nínú 100 sì ní ó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn rí. Ẹni tó bá ti pé 50, kò sí nínú òǹkà. Ní ìlú ọba pàápàá, títí di 2017, ìwádìí ìjọba kì í bi ẹni tó bá ti kọjá 59. Hannah Bows, olùwádìí ní Yunifásítì Durham níbẹ̀, ló ní kí àwọn ọlọ́pàá yọ ìwé wọn jáde: láàárín 2009 sí 2013, ẹjọ́ 655 ló wà níbẹ̀ tí ẹni tí wọ́n ṣe é sí ti tó ọgọ́ta ọdún sókè. Obìnrin ló pọ̀ jù, inú ilé ara wọn ló sì ti bá ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tó sì lè dé tésàn nìyẹn o.

Lọ́dọ̀ tiwa, bá a bá gbọ́ pé wọ́n fipá bá ìyá arúgbó lò pọ̀, ohun tá a kọ́kọ́ ń sọ ni pé "owó ló fẹ́ fi ṣe." Ariwo òògùn owó á gba àdúgbò kan. Ta ló béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá náà? Ta ló sáré gbé wọn lọ sọ́sípítù kí wọ́n tó wẹ̀? Oògùn tó ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72, àwọn ọmọ á sì ti fi ọjọ́ mẹ́ta ṣèpàdé lórí orúkọ ìdílé.

Ẹ̀yin tó ń to ìbéèrè, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ 49 yẹn kúrò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti Màmá, mo bi wọ́n ní ohun tí ọmọ yẹn bi mí. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Ohun tí wọ́n wá sọ, tiwọn ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́ ká tó dìde.