Ẹni Tó Fẹ́ Yẹ Ilé Arúgbó Wò, Kó Má Ránṣẹ́ Ṣáájú

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà funfun báláú. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a ṣì hàn gbọọrọ lára rẹ̀, bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọ̀rá jáde. Ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn yìí ló lọ kí àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní ilé arúgbó kan, ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìkánjú. Wọ́n ní àlejò ń bọ̀ lọ́la láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ife omi ìyá náà wà lórí fèrèsé, lápá ọ̀tún. Apá ọ̀tún yẹn gan-an ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán. Nígbà tí a gbé ife náà sí i lẹ́nu, ó mu ún tán láìdánu dúró, ó ní ká bu òmíràn wá.

Àwọn àlejò dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gbé àpò ìrẹsì kalẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Nígbà tí a padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aṣọ funfun ti wọ yàrá ìkẹ́rùsí lọ, ife omi sì wà lórí fèrèsé.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ, a ó sì sọ ọ́ láì fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Bí ìjọba bá ránṣẹ́ ṣáájú kó tó wá wo ilé arúgbó, àlejò ló wá ṣe, kò wá wo nǹkan kan. A fẹ́ kí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá, Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, máa yẹ gbogbo ilé arúgbó wò lójijì, ìbáà jẹ́ ti ìjọba, ti ìjọ, tàbí ti aládàáni. Kí wọ́n lọ lọ́sàn-án, kí wọ́n lọ lóru. Kí wọ́n sì lẹ ohun tí wọ́n bá rí mọ́ géètì ibẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ẹni tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé náà lè kà á.

Ẹnìkan lè ní kí la fẹ́ fi ilé arúgbó ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Ìyá tó bímọ márùn-ún, kí ló gbé e débẹ̀? Ìbéèrè yẹn ló ń pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá gbé ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀ kì í sọ fún àwọn ẹbí, kì í sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Yóò ní Màmá lọ kí àbúrò òun ni. Bí ó bá wá rí egbò ní ìdí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ta ni yóò ké sí? Ta ló fẹ́ lọ dúró níwájú ọlọ́pàá, kó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tí ìyá òun kò fi sí lọ́dọ̀ òun? Ẹ̀yìn ìtìjú yìí ni onílé arúgbó tí kò dáa ń sá pamọ́ sí. Àwa ò ní bá ọmọ kankan wí. Tọkọtaya tí wọ́n ń jí jáde ní aago mẹ́rin ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, tí ìyá wọn sì ti ń ṣílẹ̀kùn jáde lóru láìmọ ọ̀nà ilé mọ́, kí ni kí wọ́n ṣe? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí àgbà ló wá wọ́ báyìí, ta ló wà lọ́jà?

Èyí tó dùn wá jù ni ti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni Ìlú Ọba ṣí ọ̀nà físà sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé arúgbó, kí wọ́n tó tì í ní oṣù keje ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló gba ọ̀nà yẹn wọlé, títí kan àwọn tó jẹ́ tíṣà àti òṣìṣẹ́ báńkì nílé. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara rẹ̀ má baà bó. Wọ́n kọ́ ọ pé omi tí arúgbó yóò wọ̀ fi wẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 44 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n sì mọ̀ pé àjọ CQC tó ń mójú tó ilé arúgbó ní England lè yọ sí àwọn nígbàkígbà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2015 ni òfin ibẹ̀ ti sọ ọ́ di dandan kí ilé arúgbó fi ipò tí CQC fi í sí hàn sí gbangba, ìbáà dáa, ìbáà burú.

Ẹ wá wò ó. Obìnrin kan yóò fi gbogbo òru ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, yóò jáde láàárọ̀, yóò fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí ilé arúgbó tí ìyá tirẹ̀ wà n'Íbàdàn. Bí ó bá pè lórí WhatsApp, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń bá Màmá di fóònù mú. Wọ́n ti fi àtíkè sí Màmá lójú, wọ́n ti wé gèlè fún un. Fóònù náà kì í dé ìsàlẹ̀ àyà. Kò sì sí ọmọ tó lè fi fóònù gbóòórùn yàrá.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1987 ló yí ọ̀rọ̀ ilé arúgbó padà. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ilé kọ̀ọ̀kan tó ń gba owó Medicare tàbí Medicaid, ìyẹn owó ètò ìlera ìjọba, wò láìsọ tẹ́lẹ̀, ó pẹ́ tán, láàárín oṣù 15 síra. Ẹni tó bá lọ ta onílé lólobó pé àwọn ayẹ̀léwò ń bọ̀, owó ìtanràn tí òfin náà kọ́kọ́ kọ fún un lè tó $2,000. Wọ́n tún pàṣẹ pé, nínú ìbẹ̀wò mẹ́wàá, ó kéré tán, ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ní ìdájí tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ṣe òfin yẹn mọ ènìyàn dáadáa. Aago méjì òru ni a ń mọ ilé arúgbó, nígbà tí ọ̀gá ti lọ sílé, tó ku òṣìṣẹ́ kan pẹ̀lú ogún arúgbó.

Kí ni kí wọ́n wò? Kí wọ́n má jókòó sí ọ́fíìsì yẹ fáìlì wò. Kí wọ́n wo gìgísẹ̀ àti ìdí, ibẹ̀ ni egbò ìdùbúlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àmì pupa tàbí àwọ̀ tó dúdú ju ti ara yòókù lọ, kó tó jinlẹ̀ kan egungun. Kí wọ́n gbé arúgbó sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n fi wé ti oṣù tó kọjá. Ìrẹsì tí wọ́n gbé wá lè pọ̀ ní ibi ìdáná kí arúgbó sì máa rù, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi sùúrù bọ́ ọ. Kí wọ́n béèrè irú oògùn tó ń mú gbogbo wọn sùn láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n wo ọwọ́ bóyá ojú okùn wà níbẹ̀. Kí wọ́n wo ilé ìtọ̀ bóyá irin ìdìmú wà lára ògiri. Bí wọ́n bá bá ilẹ̀kùn tí wọ́n fi àgádágodo tì láti ìta lóru, pẹ̀lú arúgbó nínú rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Iná kì í dúró de ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní òfin ti wà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 17, sọ pé kí ìjọba dáàbò bo àwọn ọmọdé, ọ̀dọ́ àti àgbà lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ àti ìpatì. Ṣùgbọ́n abala 6 ìwé kan náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè torí irú ìlérí yẹn pe ìjọba lẹ́jọ́. Òfin ọdún 2017 ló dá ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Àbújá ló wà, Àbújá sì jìnnà sí Ìkòròdú ní aago méjì òru. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló sún mọ́ géètì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gúnjẹ ńkọ́? Ẹni tó bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ yẹ ilé wò nílẹ̀ yìí, owó àbọ̀dè ló kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn, a ò sì lè bá a jà. Ìdí nìyí tí a fi ń pariwo ìwé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ géètì. Bí ayẹ̀léwò bá gbowó tó kọ ọ́ pé ilé náà dáa, ọmọ tó bá wá kí bàbá rẹ̀ yóò kà á, yóò sì fi ohun tó kọ wé ohun tó wà nílẹ̀. Kí wọ́n máa rán ẹni méjì lọ, kí ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ wọn. Irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kún ìlú. Wọn ò gbàgbé iṣẹ́.

A kò tan ara wa pé òfin nìkan tó. Ìwádìí tí Dókítà Penny Dash ṣe lórí CQC ní ọdún 2024 fi hàn pé ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ibi tí àjọ náà láṣẹ láti wò ni wọn kò tíì fi sí ipò kankan rí, àti pé ìbẹ̀wò wọn kò tó ìdajì iye tó jẹ́ kí àrùn Kòrónà tó dé. Tí Ìlú Ọba bá lè jáfara bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ iye ìgbà tí wọ́n ń lọ sínú òfin tiwa, kí a sì ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ètò ìṣúná.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a ò gbọdọ̀ fojú fò. Bí wọ́n bá ti ilé kan pa, níbo ni àwọn tó wà níbẹ̀ yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà? Arúgbó tí wọ́n hú kúrò níbi tó mọ̀ lè má pẹ́ láyé mọ́. Kí ìjọba ní ibi tí wọ́n máa kó wọn sí kí wọ́n tó lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn. Onílé tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ mọ́, kí wọ́n fún un láàyè láti tún nǹkan ṣe, kí wọ́n sì padà lọ wò ó láìsọ.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni àyájọ́ àwọn àgbà lágbàáyé. Àwọn gómìnà yóò tún rán ìrẹsì, kámẹ́rà yóò sì tẹ̀ lé e. Kí ìrẹsì máa lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, kí gómìnà kọ̀ọ̀kan rán nọ́ọ̀sì méjì lọ kan géètì. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ibi tí ife omi wà.