Níbo ni olóúnjẹ á ti bẹ̀rẹ̀: ike ni, àbí iná?

Olóúnjẹ Múṣìn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ni mò ń tà. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 tí ìjọba Èkó ti fòfin de styrofoam, ìyẹn ike funfun fífúyẹ́ tí a ń bu oúnjẹ sí, ike líle ni mò ń rà, ó sì ń jẹ èrè mi gan-an. Mo fẹ́ kí ìsọ̀ mi yé ba àyíká jẹ́, àmọ́ mi ò fẹ́ kógbá sílé. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ewé ni, màmá. Ewé eéran la fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín kí ike tó dé. Ìrẹsì ọ̀fadà tí kò sí nínú ewé, ta ló ń kà á sí? Bí ẹ bá sọ ewé nù, yóò jẹrà. Styrofoam kì í jẹrà, gọ́tà ló ń dí, tí òjò bá dé omi á yà wọlé.

Ìyá Alẹ́wà: Ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣé ìwọ fúnra rẹ ń ra ewé? Abẹ́ igi ńlá nínú igbó ni ewé eéran ti ń hù, igbó sì ń tán. Ó dáa fún mọ́ínmọ́ín, mo gbà. Ẹ̀wà elépo ńkọ́? Ta ló fẹ́ gbé ewé tí epo ń kán lára rẹ̀ wọ dáńfó?

Adáná: Ohun tí oníbàárà ń gbé lọ lẹ̀ ń jà lé, ẹ ò wo ohun tó ń jó lábẹ́ ìkòkò. Ààrò olókùúta mẹ́ta, ìta ni ooru rẹ̀ ń bá lọ, èéfín á sì kó sí yín láyà. Ẹ fi amọ̀ mọ ọ́n yíká, ẹ fi ẹnu kan sílẹ̀ fún igi, kí ìkòkò jókòó sí i dáadáa. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, á tètè jinná. Owó igi tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra abọ́.

Olóúnjẹ Múṣìn: Gáàsì ni fún ìrẹsì, igi ni fún ẹ̀wà. Màá mọ ààrò yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣe é, àmọ́ ọ̀ràn ike ò ṣe é sún síwájú. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025, òfin náà ti kan ife àti ṣíbí oníke tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú nylon tín-ín-rín.

Oníṣirò: Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ohun tí ẹ ń dà nù lálaalẹ́ sílẹ̀. Ìrẹsì tí a dà nù ti jẹ gáàsì, ó ti jẹ omi, ó ti jẹ owó ọjà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á mọ́ àdánù. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá gbé abọ́ tirẹ̀ wá, ẹ fi èènì sí i fún un. Èènì ò tó owó ike kan.

Ìyá Alẹ́wà: Bí abọ́ rẹ̀ ò bá mọ́ tí inú wá ń run ún, ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi?

Oníṣirò: Òótọ́ ni, màmá. Ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án níwájú rẹ̀. Tàbí kí ẹ ra abọ́ onírin tiyín, kí ẹ máa gba owó ìdúró bí a ṣe ń gba owó ìgò lórí mínírà.

Olóúnjẹ Múṣìn: Èyí wọ̀ mí létí. Àwọn mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ mi ń jẹun lójoojúmọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Alẹ́wà: Mẹkáníìkì? Ẹ gba owó abọ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó bu oúnjẹ o. Ẹ sì ra èyí tó ní ìdérí.