Fọ́lówà tí ẹ fowó rà kò ní ra àdìrẹ yín

Mo tún rí ẹni tó ń gba àwọn aládìrẹ Òṣogbo níyànjú lọ́sẹ̀ yìí pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ra fọ́lówà (àwọn tó ń tẹ̀ lé ojú òpó wọn) 10,000 fún Instagram, torí oníbàárà kì í ka ojú òpó tí fọ́lówà rẹ̀ kéré sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sinmi. Oníbàárà tó ń wo iye fọ́lówà yẹn náà ló máa wo ìsàlẹ̀ àwòrán: fọ́lówà 10,000, láìkì 6. Oníjìbìtì ló máa pè yín.

Ibi tó ti burú jù ni bí Instagram ṣe ń pín nǹkan kiri. Adam Mosseri, ọ̀gá Instagram, sọ ọ́ gbangba ní 2025 pé ohun mẹ́ta ló ṣe kókó jù: bí èèyàn ṣe pẹ́ tó nídìí fọ́nrán, láìkì, àti fífi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Láìkì ló ń ṣiṣẹ́ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ti ń tẹ̀ lé yín. Fífi ránṣẹ́ ló ń gbé yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ yín rí. Ọ̀pọ̀ fọ́lówà tí ẹ rà kò ní ojú tó fi ń wo fọ́nrán, kò sì ní ọ̀rẹ́ tó máa fi ránṣẹ́ sí. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ èèyàn gidi lókè òkun tí wọ́n ń gbowó tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n á kàn fò yín kọjá ni, ìyẹn gan-an ló sì ń sọ fún ẹ̀rọ Instagram pé ọjà yín ò wu èèyàn. Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Ìṣirò tó kù, ilé-iṣẹ́ náà ò tú u síta. Kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Instagram sì ń gbá fọ́lówà ayédèrú dànù. Ní oṣù Kejìlá 2014, Instagram pa àwọn ojú òpó ayédèrú rẹ́. Fọ́lówà olórin Justin Bieber tó lọ lẹ́ẹ̀kan náà ju mílíọ̀nù 3 lọ. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà bá Devumi, ilé-iṣẹ́ tó ń ta fọ́lówà, ṣẹjọ́. Ṣé ẹni tó ń tà á fún yín máa dá owó yín padà bí wọ́n bá lọ?

Ẹ yẹ tiyín wò. Ẹ yí ojú òpó Instagram yín sí ti oníṣòwò, ọ̀fẹ́ ni. Bí fọ́lówà yín bá ti tó 100, Insights, ibi ìṣirò inú Instagram, á fi ìlú tí wọ́n ti wá hàn. Bí ìlú tí ẹ ò ta ọjà sí rí bá wà lókè, tí Òṣogbo, Ìbàdàn àti Èkó ò sí níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín yọ wọ́n kúrò, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fún áàpù kankan ní password nítorí pé ó ní òun á bá yín yọ wọ́n.

Kí ni kí ẹ gbé síta? Aṣọ tó ń jáde nínú ìkòkò aró. Bó ṣe ń jáde, ó máa jọ ewé tútù, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á sì máa di búlúù lójú èèyàn; bí ẹ bá ti tú okùn, àwọn ojú funfun á là. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi èyí sí, kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú orin. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ yáàdì mélòó, iye owó, àti nọ́ńbà WhatsApp. “Ẹ wá inbox fún iye owó” ń lé èèyàn ni.

Lórí WhatsApp, broadcast kan (iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà) ń gba èèyàn 256, ẹni tó bá sì ti tọ́jú nọ́ńbà yín nìkan ló máa rí i gbà. Nítorí náà, kí oníbàárà tó kúrò níwájú yín, kó ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ lójú yín. Bí owó fọ́lówà bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ṣe ìpolówó Facebook tó ń gbé èèyàn wá sí WhatsApp, kí ẹ sì yan Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀. Ẹ ka owó orí ọjà (VAT) 7.5% mọ́ ọn: ₦10,000 á di ₦10,750.

Àlejò tó bá wá fún ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ kò mọ orúkọ yín lórí Instagram. Google Maps ló máa bi léèrè, Google ò sì béèrè fọ́lówà kó tó fi yín hàn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀bù yín síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Google lè ní kí ẹ ya fọ́nrán kan tí kò dá dúró: ìta àdúgbò, pátákó orúkọ, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, kí ẹ fi ọjà inú rẹ̀ hàn. Wọ́n lè dá ẹni tí kò ní pátákó padà, torí náà ẹ kọ́kọ́ lọ bá akunpátákó.