Ẹ má sọ kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ nù, ó lè kọ Yorùbá ju tuntun lọ

Èrò ọkàn mi nìyí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá lójoojúmọ́ ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń wá kíbọ́ọ̀dù tí yóò máa gbọ́ tiyín, ẹ má kọ́kọ́ sáré náwó sórí tuntun tó ń tan iná aláràbarà. Ẹ wá àlòkù tó lágbára, kódà kí ẹnu wáyà rẹ̀ má bá kọ̀ǹpútà òde òní mu mọ́, kí ẹ sì tún un tò bí ẹ ṣe ń fẹ́.

IBM Model M, kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ ti ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe ní Greenock, ní Scotland. Ọdún 1985 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Àwa tí a wà ní Britain níbí láǹfààní kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò ní: èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ yìí, tí nọ́ńbà 1391406 wà lẹ́yìn rẹ̀, ní bọ́tìnì 102, ti Amẹ́ríkà sì ní 101. Bọ́tìnì tó lé yẹn wà láàárín Shift ọwọ́ òsì àti Z. Lójú tèmi, bọ́tìnì Yorùbá nìyẹn. Màá padà sórí rẹ̀.

Ẹ yọ orí bọ́tìnì kan lára rẹ̀, ẹ ó rí sípíríìngì tín-ínrín tó dúró nínú ihò. Bí ìka bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ sílẹ̀, sípíríìngì náà á máa sún kì, títí yóò fi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì. Á dún “káú!”, ike kékeré tó wà nídìí rẹ̀ á sì gbá awọ ike fẹ́lẹ́ tó wà nísàlẹ̀, lẹ́tà á wọlé. Ìgbà tó dún gan-an ni lẹ́tà wọlé, ìka ti mọ̀ kí ojú tó rí i. Richard Hunter Harris, òṣìṣẹ́ IBM, ló gba ẹ̀tọ́ onímọ̀ (patent) lórí sípíríìngì tó ń yẹ̀ yìí lọ́dún 1978. Èmi kò tíì rí kíbọ́ọ̀dù ẹlẹ́gẹ́ ara kọ̀ǹpútà alágbèéká kankan tó dùn-ún tẹ̀ tó báyìí.

Ìṣòro rẹ̀ ni ẹnu wáyà. PS/2 ni, ẹnu roboto tí IBM mú jáde lọ́dún 1987, àwọn tó tún ṣáájú rẹ̀ sì ní ẹnu ńlá eléyín márùn-ún. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ń tà báyìí kò ní ihò kankan fún un. Ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé àwọn ọlọ́jà máa ń fi ẹnu kékeré kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lọ àwọn èèyàn, pé ó ń sọ PS/2 di USB. Ẹnu yẹn kò ṣe ju kó so irin pọ̀ mọ́ irin lọ. Kíbọ́ọ̀dù tó ti gbọ́ èdè méjèèjì látilẹ̀ nìkan ló wúlò fún. Model M kò gbọ́ USB rárá, ògbufọ̀ ló ń fẹ́. Ó tún máa ń fa iná ju kíbọ́ọ̀dù òde òní lọ, nítorí náà àwọn kọnfátà (ògbufọ̀ láàárín PS/2 àti USB) olówó pọ́ọ́kú kan kì í lè gbé e.

Ògbufọ̀ tí mo fọwọ́ sí ni pátákó kékeré tí wọ́n ń pè ní Pro Micro, tó ní ATmega32U4, ọpọlọ kọ̀ǹpútà kékeré kan, lára. Kò gùn ju ìka lọ. Wáyà mẹ́rin péré ló ń so ó mọ́ kíbọ́ọ̀dù: ti iná, ti ilẹ̀, ti aago tó ń mú kí méjèèjì jọ máa rìn, àti ti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lè jó wọn pọ̀ fún yín kíá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ Soarer's Converter sórí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù rèé. Kíbọ́ọ̀dù kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nọ́ńbà bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀ ló ń rán, kọ̀ǹpútà ló ń pinnu lẹ́tà tó jẹ́. Ògbufọ̀ tó wà láàárín wọn sì lè yí iṣẹ́ tí wọ́n rán an padà. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sínú fáìlì lásán, scas, ètò kékeré tó bá Soarer's Converter rìn, á sọ ọ́ di èyí tó yé ẹ̀rọ, scwr, èkejì rẹ̀, á sì tì í sínú pátákó náà. Ibẹ̀ ló máa wà, bí ẹ tilẹ̀ fa wáyà yọ.

Mo sọ bọ́tìnì tó lé yẹn, èyí tó wà láàárín Shift àti Z, di ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá dì í mú, tí mo tẹ E, pátákó náà á tẹ Ctrl, Shift àti U pọ̀, á tẹ 1, e, b, 9, ìyẹn nọ́ńbà ẹ nínú Unicode (àkójọ tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà), á wá tẹ àyè. Nínú ọ̀pọ̀ ètò orí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ẹ ló jáde yẹn. 1ecd ni ti ọ, 1e63 ni ti ṣ. Àmì ohùn ìsàlẹ̀, 0300, wà lórí F, ti òkè, 0301, wà lórí J, níbi tí ìka ìfábẹ̀lá ti ń sinmi. Mo ya àmì ohùn sọ́tọ̀ nítorí pé Unicode kò ní ẹ́ ní lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ ni a óò kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì lé e lórí. Bí a ṣe kọ́ ọ nílé ìwé náà nìyẹn.

Mo mọ̀ pé Windows ní ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, fóònù náà ní. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹlòmíràn ló bá yín yan ibi tí àmì máa wà, bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó máa fara dà á ni. Èyí tí mo ń wí, èmi ni mo yàn án. Bí mo bá kì í bọ kọ̀ǹpútà míì tó ń lo Linux, n kò ní tún fi nǹkan kan sí i. Windows ń fẹ́ mákírò (àtòjọ bọ́tìnì tí pátákó ń tẹ̀ fúnra rẹ̀) tirẹ̀ lọ́tọ̀, iṣẹ́ díẹ̀ sì ni, n kò ní fi pa mọ́ fún yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ibì kan rọ̀ ju ibì kan lọ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́: àwọn ìṣó oníke tó di inú rẹ̀ mú máa ń kán bí ó bá pẹ́, àwọn kan sì máa ń fi bóòtù tín-ín-tìn-tín rọ́pò wọn. Ẹ má kì í bọ ihò PS/2 nígbà tí kọ̀ǹpútà wà ní títàn. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má gé wáyà rẹ̀. Ẹ ra ihò PS/2, òun ni kí ẹ jó mọ́ Pro Micro, kí kíbọ́ọ̀dù náà wà bí wọ́n ṣe ṣe é ní Greenock fún ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín.