Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Ti Pé Tipẹ́, Àwọn Ọmọ N-Power Ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní. January 2024 ni Ààrẹ Tinubu ní kí wọ́n dá N-Power, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń kó àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ fúngbà díẹ̀, àtàwọn ètò tó kù lábẹ́ NSIPA, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ètò ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, dúró ná, kí wọ́n lè yẹ ìwé wò, kí wọ́n sì mọ ibi tówó ń gbà sá lọ. Kò sẹ́ni tó bá wọn jà nígbà yẹn, àwa gan-an sọ pé ó dáa, torí ohun tá à ń gbọ́ látibẹ̀ ò ṣe é fetí gbọ́. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ọ̀hún ti pé, ó ti kọjá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n lọ máa kọ́ àwọn ọmọléèwé níbi tí tíṣà ò ti tó ṣì ń retí ₦30,000 olóṣooṣù tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán kí ètò náà tó dúró rárá.

Kí wọ́n sanwó wọn. Gbogbo ẹ̀ ni o, kì í ṣe díẹ̀ díẹ̀ bíi pé wọ́n ń ṣe wọ́n láàánú. Ẹni tó bá kówó jẹ, kílé ẹjọ́ dá a lẹ́jọ́. Bí olóko bá ń fura sẹ́ni tó ń bá a ṣọ́ àpò owó, ṣé alágbàro tó ti kọ ebè tán ló máa wá sùn lébi?

Ìyẹn nìyẹn. Ohun tó ń ká wa lára jù, tá a ti ń pariwo ẹ̀ lójú ìwé yìí ó ti pẹ́, ni pé àwọn tó ń ṣèjọba wa ò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ àti owó tí wọ́n fi ń tu èèyàn nínú. Ẹ wo iṣẹ́ 774,000 tọdún 2021. Ẹgbẹ̀rún kan èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ₦20,000 lóṣù, oṣù mẹ́ta péré. Kó tó bẹ̀rẹ̀, mínísítà àtàwọn aṣòfin ti kọ́kọ́ fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ lórí ta ló máa mú orúkọ wá, ọ̀rọ̀ le débi tí wọ́n ń jágbe mọ́ra wọn níwájú àwọn oníròyìn, a ò sì gbọ́ kẹ́nì kankan nínú wọn béèrè pé oṣù kẹrin wá ńkọ́ o. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, tó bá di oṣù kẹrin, ilé ló padà sí. Síbẹ̀ "iṣẹ́" ni wọ́n pè é, iṣẹ́ 774,000.

N-Power sàn jù yẹn lọ, a ò ní purọ́. Wọ́n kó 200,000 lọ́dún 2016, wọ́n tún kó 300,000 lọ́dún 2018, àwọn kan sì kọ́ nǹkan gidi níbẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n ní kí wọ́n lò, àmọ́ títí di àárín 2020 làwọn àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ronú ibi tí wọ́n máa gbà lọ tí wọ́n bá jáde. Nígbà tí wọ́n wá lé wọn jáde tán ni wọ́n ṣí ojúlé kan fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, NEXIT ni wọ́n pè é, ní wọ́n bá tún jókòó, wọ́n tún ń kọ fọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè tiwa ò yí padà. Nínú gbogbo àwọn tó ti gba ọwọ́ yín kọjá, mélòó ló ṣì ń rí iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn ọdún kan tẹ́ ẹ ti fi wọ́n sílẹ̀? Ẹ ní BVN wọn, ẹ ní nọ́ńbà fóònù wọn, ẹ mọ báǹkì tí wọ́n ń lò, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè. Ìpè fóònù lásán ni, kò gba kọ́ńtíráàtì, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi wù yín ṣe.

Dípò kí wọ́n dáhùn, nọ́ńbà NBS, ìyẹn àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n máa ń nà jáde. Ní ìparí 2020, ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ìwé tí wọ́n gbé jáde ní August 2023 wá sọ pé ìdá 4.1 péré ni. Kò sí pé àwọn oníṣirò purọ́ o, ìlànà ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, ni wọ́n tẹ̀ lé: ẹni tó bá ti fi wákàtí kan ṣiṣẹ́ tówó ń bẹ nídìí ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, òṣìṣẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ò bá ti ṣe tó ogún wákàtí, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tí ò níṣẹ́. A gbà. Ṣùgbọ́n inú ìwé kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń ṣiṣẹ́, kò tó méjìlá tí ẹnì kan gbà síṣẹ́ tó ń gbowó oṣù tàbí owó ọ̀sẹ̀, àwọn tó kù ń dá ṣe tiwọn, tàbí kí wọ́n wà lóko, tàbí kí wọ́n máa kọ́ṣẹ́. Ó ju àádọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún tí kò sí ìwé kankan tó dáàbò bo iṣẹ́ ẹ̀. Kí ló dé tí ẹnu ò kúrò lára 4.1, tẹ́nì kankan ò fẹ́ ka èyí tó kù?

Ẹ ti gbàgbé March 2014 ni? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ san ₦1,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n kún inú pápá ìṣeré fọ́fọ́ torí iṣẹ́ Immigration, àwọn kan kú níbi tí èrò ti ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ l'Ábújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti Benin. Tẹ́ ẹ bá fi ìlànà wákàtí kan lọ́sẹ̀ wọn àwọn tó dé pápá ìṣeré lọ́jọ́ yẹn, púpọ̀ nínú wọn ni ẹ máa sọ pé ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹni tó ń bá èèyàn ta káàdì, ẹni tó ń kọ́ ọmọ aládùúgbò ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́. Wọn ò sì ní san ₦1,000, kí wọ́n tún fẹ̀mí wewu torí iṣẹ́ yẹn ká ní ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ń bọ́ wọn.

A gbọ́ pé ètò tuntun lè máa bọ̀, pẹ̀lú orúkọ tuntun àti fìlà tí wọ́n tẹ orúkọ náà sí. Kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó N-Power. Kí wọ́n gbé iye àwọn tó ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́ nínú àwọn ètò tó ti kọjá síta, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Tí wọn ò bá ṣe é, kí wọ́n má fìwé pe akọ̀ròyìn wa síbi ìfilọ́lẹ̀, torí kò ní wá.