18 nínú 26 kò lè lé aṣòfin kúrò nílé

Bí ariwo bá ti ń ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ọ̀ṣun jáde, ohun kan náà ni wàá máa gbọ́ láti Òkè-Fìà dé Olúòde ní Òṣogbo: "Wọn ò ṣáà ju 26 lọ. Kí 18 fọwọ́ sí i, lágbájá ti lọ nìyẹn." Ìṣirò náà kò ní àṣìṣe. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 26 lé díẹ̀ ní 17, kò sì sí bí a ṣe ń gé aṣòfin sí wẹ́wẹ́, 18 ló jẹ́. Agbára tí wọ́n ń fi ìṣirò náà wá ni kò sí. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò fún àwọn aṣòfin láyè láti dìbò lé ẹlẹgbẹ́ wọn kúrò lórí ìjókòó tí àwọn ará ẹkùn rẹ̀ fi í sí. 18 kò tó. 25 gan-an kò tó.

Níbo wá ni 18 ti wá? Abala 92 ni. Ìdá méjì nínú mẹ́ta lè yọ Abẹnugan tàbí igbákejì rẹ̀, òfin kò sì béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Abẹnugan tí wọ́n yọ ṣì jẹ́ aṣòfin. Àárín àwọn tó kù ló ń padà lọ jókòó sí. Adé ni wọ́n gbà lórí rẹ̀, wọn kò lé e nílùú. Àwọn ẹlòmíràn ń rántí abala 188, tó dá lórí gómìnà àti igbákejì rẹ̀. Tẹlifíṣàn náà sì dá kún un: nígbà tí Ilé Aṣojú Amẹ́ríkà lé George Santos ní December 2023, ìbò 311 sí 114 ni wọ́n fi lé e. Òfin tiwọn ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tiwa kò kọ ọ́.

Abala 109 ni kí á lọ kà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń mú kí ìjókòó aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣófo: kó di kọmíṣánnà tàbí olùdámọ̀ràn pàtàkì, kó pàdánù ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ìwà jìbìtì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ìdálẹ́bi yẹn, bó bá ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ìjókòó kò tíì ṣófo títí wọn yóò fi parí ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí Orji Uzor Kalu fi wà lẹ́wọ̀n láti December 2019 di 2020 tó sì ṣì ń jẹ́ sẹ́nátọ̀ nígbà náà.

Ti pípa ìjókòó jẹ ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Aṣòfin tó bá pa ìjókòó jẹ láìnídìí, tí àròpọ̀ rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ tí Ilé fi jókòó lọ́dún, ti pàdánù. Ilé gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán, nítorí náà bí wọn kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ 61 ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀, kò sì pọn dandan kó tẹ̀léra. Ṣùgbọ́n bí Abẹnugan bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdí tí ẹni náà fi sá tẹ́ òun lọ́rùn, ó tán. Ẹni tó bá Abẹnugan rẹ́ kì í sábà bá abala yìí pàdé.

Ti fífò sí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn náà wà níbẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ tó kúrò nínú rẹ̀ bá pín tàbí tó dara pọ̀ mọ́ òmíràn. Ifedayo Abegunde, aṣojú-ṣòfin láti Àkúrẹ́ tó fi Labour Party sílẹ̀, rò pé ìjà inú Labour Party ní Oǹdó tó bẹ́ẹ̀. Ní 2015, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kò tó, ìpínyà náà gbọ́dọ̀ kan ẹgbẹ́ náà jákèjádò Nàìjíríà. Kí ẹ sì ṣọ́ra o: kí ẹgbẹ́ lé aṣòfin kò sọ ọ́ di ẹni tó wọ ẹgbẹ́ mìíràn.

Nínú gbogbo èyí, ìkéde ni Abẹnugan ń ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rí tó tẹ́ Ilé lọ́rùn síwájú. Ẹni tí kò bá gbà lè lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀. Ibẹ̀ ni abala 272 gbé irú ẹjọ́ yìí sí. Ilé pàápàá gbọ́dọ̀ jẹ́ Ilé: ìdá kan nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà níjòókòó, ìyẹn 9 ní Ọ̀ṣun. Ní Rivers, tí aṣòfin rẹ̀ jẹ́ 32, wọ́n kéde pé ìjókòó àwọn 27 ti ṣófo, àwọn mélòó kan tó kù, tí wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, sì ń jókòó bí Ilé. Ní February 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá àwọn 27 náà padà.

Ohun tí Ilé lè ṣe fúnra rẹ̀ ni ìbáwí: kí Abẹnugan bá a wí, kí wọ́n ní kó jáde lọ́jọ́ náà, kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìgbìmọ̀, tàbí kó lọ rọọ́kún nílé fún ìgbà díẹ̀. Ibi "ìgbà díẹ̀" yìí ni wọ́n ti ń kan ìṣòro. Ilé Aṣòfin Àgbà ní kí Sẹ́nátọ̀ Ali Ndume lọ rọọ́kún fún 90 ọjọ́ ìjókòó ní 2017; kọ́ọ̀tù fagi lé e. Wọ́n fún Sẹ́nátọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan ní oṣù mẹ́fà ní March 2025. Adájọ́ ní ó ti pọ̀ jù, nítorí àwọn ará ẹkùn rẹ̀ ni ìyà náà ń jẹ. Síbẹ̀, kò rí ọ̀nà wọlé títí oṣù mẹ́fà náà fi pé.

Àwọn olùdìbò nìkan ló lè sọ pé aṣòfin sú àwọn, abala 110 sì ni ọ̀nà wọn. Ìwé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ alága INEC, pẹ̀lú ìbuwọ́lù tó ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà, kì í ṣe ìdajì àwọn tó jáde dìbò. Ẹkùn tí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 60,000 nílò 30,001. Ẹni tó ti kó lọ sí Èkó àti ẹni tó kú tí wọn kò tíì yọ orúkọ rẹ̀ wà nínú ìṣirò náà. INEC á yẹ ìbuwọ́lù wò. Bó bá pé, ìdìbò bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ á wáyé láàárín 90 ọjọ́. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí Natasha ní 2025, ìbuwọ́lù 208,132 ló bójú mu, 237,278 ni wọ́n ń wá. Ti Sẹ́nátọ̀ Dino Melaye ní 2018, ìbuwọ́lù 189,870 ni wọ́n kó wá. Nígbà tí INEC ní kí àwọn tó ni ín jáde wá, 18,742 ló rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀.